Ìdákẹ́jẹ́ tí Gbogbo Àdúgbò Gbọ́

Bí Ọ̀gá Àrá bá fẹ́ kí ènìyàn ní àárọ̀, kí onítọ̀hún yáa di nǹkan mú, torí ìkíni náà lè ṣí fìlà lórí rẹ̀. Ó sín nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́jọ́ kan, àwọn awakọ̀ tó wà lójú títì tẹ bíréèkì, ọ̀kan nínú wọn sì sọ̀ kalẹ̀ láti wo táyà rẹ̀ bóyá ó ti bẹ́. Bí ó bá ń bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ àṣírí nínú yàrá, àwọn ará òdìkejì títì a máa dá sí i láti ojú fèrèsé wọn. "Má gbà fún un o, Ìyá Ibùdókọ̀! Irọ́ ló ń pa!"

Iṣẹ́ rẹ̀ bá ohùn rẹ̀ mu. Ó ń tún sípíkà ṣe, ó ń tún máìkì ṣe, ó sì ń tún àwọn àpótí ẹ̀rọ tí ń sọ ohùn kékeré di ńlá ṣe. Iwájú ilé rẹ̀ gan-an ni ṣọ́ọ̀bù náà wà. Sípíkà kún ibẹ̀ dé àjà, débi pé ẹni tó bá fẹ́ wọlé lọ jẹun ní láti fi ẹ̀gbẹ́ rìn bí akàn. Òórùn òjé tó ń yọ́ kì í kúrò nínú oúnjẹ wọn. Àlejò tó bá jẹun lọ́dọ̀ wọn a máa rò pé ìṣó wà nínú ọbẹ̀.

Ó ní bí ó ṣe ń dán iṣẹ́ rẹ̀ wò. Bí ó bá ti tún sípíkà kan ṣe tán, yóò gbé e sí ẹnu ọ̀nà, yóò yí i dé òpin, yóò sì bú sẹ́nu máìkì: "Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?" Gbogbo àdúgbò gbọ́dọ̀ dáhùn pé, "À ń gbọ́ o!" Bí wọn kò bá dáhùn, iṣẹ́ kò tíì parí nìyẹn, yóò tún bi wọ́n, ìkejì yóò sì burú ju ìkíní lọ. Nítorí náà, àtẹni tó ń sùn àtẹni tó wà nínú ilé ìwẹ̀ ti kọ́ bí a ṣe ń dáhùn kíá. Bàbá arúgbó kan dákú nílé tó tẹ̀ lé tiwọn, kí àwọn ọmọ rẹ̀ tó rí omi dà sí i lórí, Ọ̀gá Àrá ti dán sípíkà wò, bàbá sì ti dáhùn pé "À ń gbọ́ o!" kó tó tún dákú padà.

"Ohun tó bá lẹ́nu gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀," ni Ọ̀gá Àrá máa ń wí. "Bí kò bá sọ̀rọ̀, wáyà kan ló já. Ẹ wá wáyà náà rí, ó tán."

Ìyàwó rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ibùdókọ̀, níbi tó ti ń kígbe orúkọ ìlú tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ń lọ. Wọ́n fún un ní máìkì nígbà tó kọ́kọ́ débẹ̀, ṣùgbọ́n máìkì náà kú lọ́jọ́ kejì. Ọkọ rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kò sí ohun tó bàjẹ́ nínú rẹ̀, ìtìjú ló pa á.

Irú ilé báyìí ni wọ́n bí ọmọbìnrin kan sí, ọmọ kan ṣoṣo. Nílé, Asọ̀rọ̀mágbèsì ni wọ́n ń pè é, bí a ṣe ń pe rédíò, torí bó bá ti jí, ó di kó tún sùn. Ó ń bá ìgbálẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ń bá bàtà sọ̀rọ̀, ọ̀tún lọ́tọ̀, òsì lọ́tọ̀, pé kí wọ́n má bàa jowú ara wọn.

"Bàbá, ṣé òùngbẹ máa ń gbẹ ẹja?"

"Rárá."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀? Ṣé ẹ ti bi í ni?"

"Asọ̀rọ̀mágbèsì, jẹ́ kí n gbọ́ ìròyìn!"

"Ṣé ẹni tó ń ka ìròyìn yẹn mọ̀ pé ẹ ń gbọ́ òun?"

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Ó mọ ìwé kà débi pé ó ti ka gbogbo ìwé tó wà nínú ilé tán, ó wá bọ́ sórí àwọn ìwé tí wọ́n ń kó sínú páálí ẹ̀rọ, ó ń kà wọ́n sókè ketekete bí ẹni ń ka àlọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti kọjá géètì ilé ìwé báyìí, ó parí. Ẹnu pa dé. Kì í ṣe ẹnu nìkan: ọrùn rẹ̀ á le gan-an, ojú á lọ sílẹ̀, ọwọ́ á di etí aṣọ mú. Kì í dáhùn ìkíni, kì í dáhùn orúkọ, kì í bẹ̀bẹ̀, kì í fẹjọ́ sùn. Lọ́jọ́ kan ìtọ̀ gbọ̀n ọ́n, kò sì lè sọ pé òun fẹ́ jáde. Ó jókòó síbẹ̀ títí ohun tó fẹ́ ṣẹlẹ̀ fi ṣẹlẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ọmọ kíláàsì ti ń pè é ní Odi. Ọmọ kan ṣoṣo, nílé ó jẹ́ rédíò, ní ilé ìwé ó jẹ́ odi. Ààrin ibi méjèèjì kò sì tó ọ̀nà tí ènìyàn fi ń jẹ gúgúrú tán.

Ọ̀gá ilé ìwé náà gbà pé ariwo ni ẹ̀kọ́. Màdáámù Sókè-sí-i ni àwọn ọmọ ń pè é lẹ́yìn, torí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ nìyẹn. Ọmọ tó bá ka ìwé, "Sókè sí i!" Ọmọ tó bá kọrin, "Sókè sí i!" Ó sọ ọ́ fún agogo ilé ìwé rí. Òun ló ránṣẹ́ pe Ọ̀gá Àrá.

"Ọ̀gá Àrá, ọmọ yín ń fojú di mí."

"Ọmọ mi? Ọmọ tí a ń bẹ̀ kó panu mọ́?"

"Láti ọjọ́ tó ti wọ ilé ìwé yìí, mi ò tíì gbọ́ ohùn rẹ̀. Mo kí i, kò dáhùn. Mo pariwo mọ́ ọn, kò dáhùn. Mo tún pariwo ju ti àkọ́kọ́ lọ..."

"Kò dáhùn."

"Ẹ ò rí i bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n! Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ!" Ó fi ọwọ́ lu tábìlì. "Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Lọ́jọ́ tí a bá ń parí sáà, ọmọ kọ̀ọ̀kan ní kíláàsì yẹn máa ka ìwé níwájú gbogbo ilé ìwé. Ẹni tí kò bá kà, kò mọ̀ ọ́n kà nìyẹn. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kà, ó ń padà sí kíláàsì àwọn ọmọ kéékèèké, kó lọ máa bá wọn pe a, b, d."

Bí àwọn méjèèjì ṣe ń fọ̀rọ̀ wérọ̀ yìí, àwọn tó ń kọjá lọ ní títì rò pé ìjà ni, wọ́n sì dúró láti là wọ́n.

Ọ̀gá Àrá délé, ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ jókòó sórí sípíkà kan. Ó wo ọmọ tó ń ka ìwé tó nípọn bí búlọ́ọ̀kù lórí ẹní, ó fojú inú rí i láàrin àwọn ọmọ tí kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń nu imú ara wọn.

"Bí wọ́n bá dá a padà síbẹ̀," ni ó wí, "kò ní sọ̀rọ̀ mọ́ láé. Nílé pàápàá."

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, ẹ̀gbọ́n Ọ̀gá Àrá gbọ́ ọ láti yàrá ẹ̀yìn. Obìnrin náà ń gbé lọ́dọ̀ wọn, Àǹtí Mọ̀ọ́tán sì ni orúkọ tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é, torí kò sí ohun tí kò mọ̀ tán. Nípa ti ọmọdé, ó ti pín gbogbo àìsàn ayé sí mẹ́ta péré: ibà, aràn, àti oríkunkun. Èyí tí kì í bá ṣe ibà, tí kì í sì í ṣe aràn, oríkunkun ni. Ìtọ́jú oríkunkun kò sì ṣòro, ẹni tó bá ti lọ́wọ́ lè ṣe é.

Ìmọ̀ rẹ̀ ti ran gbogbo àdúgbò. Ọmọ káfíńtà ń fọ ọwọ́ títí awọ fi ń bó, bó bá fọ̀ ọ́ tán á tún padà lọ fọ̀ ọ́, omijé á máa bọ́ lójú rẹ̀. Wọ́n ní ọmọ tó mọ́ tónítóní ni, kí àwọn tó kù fi ṣe àwòkọ́ṣe. Ọmọkùnrin kan wà tí kò lè jókòó sójú kan kí ó ka gbólóhùn kan parí. Wọ́n ní ìdí ló ń yún un, wọ́n fún un ní oògùn aràn títí aràn tó wà lára aládùúgbò fi kú. Ọmọ aránṣọ, ọmọbìnrin tó ń bàlágà, kò dìde lórí bẹ́ẹ̀dì láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀lẹ ni. Àǹtí Mọ̀ọ́tán a máa lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ lójoojúmọ́ láti pè é ní ọ̀lẹ, ọmọ náà kò sì tíì dìde, ohun tó ya gbogbo ènìyàn lẹ́nu nìyẹn.

"Oríkunkun ni," ni Àǹtí Mọ̀ọ́tán wí. "Ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ nílé, tí kò sọ̀rọ̀ níta, kí ni ẹ fẹ́ kó jẹ́?"

Ṣùgbọ́n Ọ̀gá Àrá jẹ́ ẹni tó ń yẹ nǹkan wò kó tó dájọ́. Ó ní kí ọmọ la ẹnu, ó tan tọ́ọ̀ṣì sínú ọ̀fun rẹ̀, ó ń wá wáyà tó já.

"Bàbá, kí lẹ rí?"

"Má sọ̀rọ̀, mò ń wò ó."

"Ṣé ahọ́n mi ṣì wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀! Kí ló wá dé tí o kì í lò ó ní ilé ìwé?"

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, Asọ̀rọ̀mágbèsì ronú kó tó dáhùn. Ó gbé ọwọ́ lé àyà. "Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń wà níbí." Ó gbé ọwọ́ lọ sí ọ̀fun. "Tó bá dé ibí, ilẹ̀kùn á tì."

"Ta ló tì í?"

"Mi ò mọ̀. Mo máa ń kan ilẹ̀kùn náà."

"Oríkunkun ló tì í," ni Àǹtí Mọ̀ọ́tán wí.

Tíṣà kíláàsì ọmọ náà, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wá sílé wọn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Ó gba àárín sípíkà wọlé, ó jókòó, ó ní òun kò rò pé ọmọ náà ń fojú di ẹnikẹ́ni. Ó ní dókítà kan wà ní ilé ìwòsàn tó ń tọ́jú ọkàn àwọn ọmọdé, kí wọ́n mú un lọ.

"Ọkàn?" Gíláàsì tó wà lórí tábìlì gbọ̀n. "Ṣé ọmọ mi ń já ewé jẹ ni? Ṣé ó ń bọ́ sí ìhòòhò lójú títì?"

"Rárá o, sà. Kì í ṣe wèrè..."

"Ta ló pe wèrè? Èmi ò pe wèrè! Ta ló pe wèrè nínú ilé yìí?"

"Wọ́n ní wèrè!" ni àwọn ará òdìkejì títì wí fún ara wọn.

"Ẹni tó bá gba ẹnu ọ̀nà dókítà yẹn wọlé," ni Àǹtí Mọ̀ọ́tán wí, "ta ni yóò fẹ́ ẹ?"

"Àǹtí, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni," ni Ìyá Ibùdókọ̀ wí.

"Ọdún mẹ́sàn-án kì í dúró sójú kan."

Tíṣà dìde, ó fi ẹ̀gbẹ́ rìn jáde. Ìyá Ibùdókọ̀ sìn ín dé ìta, ó sì bi í ibi tí ilé ìwòsàn náà wà, ní ohùn tí ó pè ní ohùn ìsàlẹ̀. Àwọn ará òdìkejì títì náà mọ àdírẹ́sì yẹn di òní.

Ọ̀gá Àrá ní tirẹ̀ ti rí ojútùú. Ó ní kò sí ohun tó já, ohùn náà ló kéré. Ìgbà wo sì ni ohùn kékeré di ẹjọ́ dókítà? Iṣẹ́ òun nìyẹn! Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe máìkì kan tí kò ju hóró àgbàdo lọ, tí wọn yóò há mọ́ ọrùn aṣọ ilé ìwé. Ó so wáyà mọ́ ọn, ó so wáyà mọ́ ẹ̀rọ, ó so ẹ̀rọ mọ́ gbogbo sípíkà tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù, títí kan ti àwọn oníbàárà tó ń bọ̀ wá gbà á lọ́la. "Bó bá jẹ́ ètè rẹ̀ nìkan ló mì," ni ó wí, "ìlú kejì á mọ ohun tó fẹ́ sọ." Nígbà tó ròyìn fún Màdáámù Sókè-sí-i, obìnrin náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ ọn. Ó ti ń dúró de irú òbí báyìí láti ìgbà tó ti gba iṣẹ́.

Ọjọ́ ìparí sáà pé. Wọ́n to sípíkà mọ́ ara ọgbà ilé ìwé láti géètì dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ bí ọmọ ogun. Ọmọ náà kò jẹun láàárọ̀.

"Bàbá, inú ń run mí."

"Inú rírun kì í ṣe nǹkan. Sípíkà wà."

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká padà sílé."

"Ìwọ ṣáà la ẹnu. Ìyókù di tèmi."

Wọ́n kọjá géètì, ilẹ̀kùn sì tì.

Àwọn ọmọ yòókù ka tiwọn, àwọn òbí pàtẹ́wọ́, Màdáámù ń pariwo "Sókè sí i!" sí gbogbo wọn. Ó kan Asọ̀rọ̀mágbèsì. Ó jáde síwájú, ìwé lọ́wọ́, máìkì lọ́rùn aṣọ. "Sókè sí i!" ni Màdáámù wí kí ọmọ náà tó ṣí ìwé. Ọ̀gá Àrá yí ẹ̀rọ sókè. Kò sí nǹkan. Ó tún yí i. Kò sí nǹkan. Ó wá yí i dé òpin, ibi tí òun fúnra rẹ̀ kò yí i dé rí.

Aṣọ ọmọ náà ló kọ́kọ́ dún, ó dún bí ìgbà tí igi ńlá bá ń wó. Lẹ́yìn náà ni èémí rẹ̀: hẹ̀, hẹ̀, hẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọkàn rẹ̀ tó ń lù: gbì, gbì, gbì, gbì, bí ẹsẹ̀ ẹni tí wọ́n ń lé, tí kò mọ ibi tí yóò gbà. Fèrèsé gbọ̀n. Ajá sá wọ abẹ́ ọkọ̀. Ní ibùdókọ̀, àwọn awakọ̀ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì wọn láti wo ẹ́ńjìnnì. Láti àdúgbò wa, bí àwọn ènìyàn ṣe gbọ́ pé sípíkà ti ṣí, wọ́n dáhùn bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n ṣe: "À ń gbọ́ o!"

Lẹ́yìn náà, wọ́n gbọ́ ohun tí wọ́n ń gbọ́, wọ́n sì dákẹ́.

Ọ̀gá Àrá fi ọwọ́ sórí ẹ̀rọ, kò mira. Etí ni ọkùnrin yìí fi ń jẹun. Bí sípíkà bá ń ha, ó mọ ìdí. Bó bá ń kùn, ó mọ ìdí. Bí ìwé inú rẹ̀ bá ya ní ibi tí kò tó èékánná, ó mọ̀ láìṣí i. Ó tẹ́tí sí ọmọ rẹ̀ lára gbogbo sípíkà wọ̀nyẹn, kò sì gbọ́ oríkunkun níbẹ̀ rárá. Oríkunkun kì í mí báyẹn. Kò gbọ́ wáyà tó já. Ohun tó gbọ́ ni ẹ̀rọ tí iná tó ń wọ inú rẹ̀ pọ̀ ju ohun tó lè gbà lọ, ẹ̀rọ tó ku díẹ̀ kó jóná. Ta ló sì ń fi kún iná náà? Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Sókè sí i!" ni Màdáámù ń kígbe.

Ọ̀gá Àrá fa wáyà yọ lára ògiri.

Ó rìn lọ sí iwájú, ó tú máìkì kúrò lọ́rùn ọmọ, ó gbé e. Ọmọ náà rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn. Ọ̀gá Àrá wá sọ̀rọ̀ sí i létí. Àwọn tó dúró tì wọ́n búra pé àwọn kò gbọ́ ohun tó sọ, a ò sì rí irú èyí rí nínú ìtàn ìlú. Àwọn kan sunkún. Àwọn kan ní ara rẹ̀ kò yá.

Màdáámù lé wọn dé géètì. "Kíláàsì àwọn ọmọ kéékèèké ló ń lọ o!"

"Ẹ fún wa ní ìsinmi yìí, mà," ni Ìyá Ibùdókọ̀ wí. "Ẹ jọ̀ọ́."

Bóyá ohùn ọkàn yẹn ṣì wà létí Màdáámù. Ó ní ó dáa. Bí òun bá gbọ́ ohùn ọmọ náà nínú ọgbà ilé ìwé yìí kí sáà tuntun tó wọlé, gbólóhùn kan péré, òun yóò fi í sílẹ̀ ní kíláàsì rẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wọ́n má tún bá òun sọ ọ́.

Yàrá dókítà tí tíṣà sọ nípa rẹ̀ kéré. Àga inú rẹ̀ kò ju ti ọmọdé lọ, Ọ̀gá Àrá jókòó sórí ọ̀kan, orúnkún rẹ̀ sì kan àgbọ̀n. Àwòrán tí àwọn ọmọ fi kíréyọ̀nù aláwọ̀ mèremère yà wà lára ògiri: ilé tó dorí kodò, ìyá tó ní ọwọ́ mẹ́fà. Fáànù kan ń ké lókè, ọwọ́ Ọ̀gá Àrá ń yún un láti tún un ṣe. Dókítà náà jẹ́ obìnrin kan tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ débi pé Ọ̀gá Àrá ń tẹ̀ síwájú títí àga fi yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Kò bi ọmọ náà ní ìbéèrè kankan. Ó fún un ní ìwé àti kíréyọ̀nù, ó yíjú sí àwọn àgbà.

"Kò sí ohun tó já nínú ọmọ yìí. Ẹ̀rù ni."

"Ẹ̀rù ta ni? Ta ló lù ú?"

"Kò sẹ́ni tó lù ú, sà. Ẹ̀rù kan wà tí kì í dúró de ẹni tí yóò dá a sílẹ̀. Níbi tí ojú bá ti pọ̀ lára rẹ̀, ara rẹ̀ á ṣe bíi pé ẹkùn ló wà níta, á ti ilẹ̀kùn. Kì í ṣe pé kò fẹ́ sọ̀rọ̀. Kò lè sọ ọ́ ni. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá sì ní 'sọ̀rọ̀, sọ̀rọ̀,' ẹkùn náà ń tóbi sí i."

Ọ̀gá Àrá ń ka gbogbo sípíkà tó tò mọ́ ọgbà ní ọkàn rẹ̀, ẹkùn ni gbogbo wọn.

Àǹtí Mọ̀ọ́tán, tó bá wọn wá láti rí i pé dókítà kò ṣì wọ́n lọ́nà, sún mọ́ tábìlì. "Èyí tí kò dìde lórí bẹ́ẹ̀dì ńkọ́? Ọmọ aránṣọ àdúgbò wa. Ó ń bàlágà. Kì í jẹun, kì í wẹ̀, kì í ju kó máa sunkún lọ. Ìyẹn ṣáà jẹ́ ọ̀lẹ?"

"Mà, ṣé ẹ ti rí ọ̀lẹ tó ń sunkún nígbà tí wọ́n bá jẹ́ kó sùn?"

Àǹtí Mọ̀ọ́tán ń ka ìka rẹ̀: ibà, aràn, oríkunkun.

"Ẹ bá mi sọ fún ìyá rẹ̀ kó mú un wá. Kó má jẹ́ ọ̀la, bó bá lè jẹ́ òní. Èyí tó ń fọ ọwọ́, tí ẹ sọ fún mi nígbà tí ẹ wọlé, kí òun náà wá."

"Ó ti wá di mẹ́rin nìyẹn, àìsàn ọmọdé?"

"Ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, mà."

"Yéè," ni Àǹtí Mọ̀ọ́tán wí, bí ẹni tí wọ́n gba oyè lórí rẹ̀.

Ọ̀gá Àrá na ọwọ́. "Dókítà, oògùn dà?"

"Ẹ̀yin ni oògùn náà, sà. Lójoojúmọ́ ìsinmi yìí, ẹ mú un lọ sí kíláàsì rẹ̀ nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ẹ jókòó tì í. Ẹ jọ ṣeré, ẹ jọ ṣiṣẹ́. Ẹ má bi í ní nǹkan, ẹ má ní kó sọ̀rọ̀. Bó bá sọ̀rọ̀, ẹ má hó. Bí ibẹ̀ bá ti mọ́ ọn lára, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan jókòó jìnnà díẹ̀, kó máa sún mọ́ ọn ní díẹ̀díẹ̀. Bó bá gbà. Ẹ kọ́kọ́ máa bi í bóyá ó gbà. Ẹ̀yin ní tiyín, ẹ ò ní sọ̀rọ̀."

"Èmi?"

"Ẹ̀yin, sà."

Ìyá Ibùdókọ̀ bú sẹ́rìn-ín, ó di ògiri mú. "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún un ní nǹkan tó rọrùn. Ẹ ní kó fò!"

Ṣùgbọ́n ó ṣe é. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ojú rẹ̀ wú pẹ̀lú ọ̀rọ̀ bí ẹni tí eyín ń dùn. Ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ ń pariwo. Ó ń fi imú sọ̀rọ̀, ó ń fi àga sọ̀rọ̀, àga náà ń ké. Bí wọ́n ṣe jáde ní géètì báyìí, ó tú gbogbo ohun tó ti kó jọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ewúrẹ́ kan ṣubú. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, ó gbé rédíò àtijọ́ kan lọ, ó tú u sórí tábìlì kíláàsì, ọmọ náà ń di tọ́ọ̀ṣì mú fún un, ó ń gba síkúrù, ìdè kéékèèké rédíò náà, lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ títí. Láàárín ìyẹn, kò sí àyè fún Ọ̀gá Àrá láti dán sípíkà wò mọ́, àwọn ará àdúgbò sì kó ara wọn jọ wá kan ilẹ̀kùn, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti kú.

Lọ́jọ́ kan tí Ọ̀gá Àrá ń wá ìdè kan kiri orí tábìlì, ọmọ náà mi ètè. Ohùn kan jáde, kò ju ti èèrà tó ń rìn lórí ìwé lọ.

"Ó wà lábẹ́ ọwọ́ yín."

Ọ̀gá Àrá fẹ́ bú sẹ́kún, ó fẹ́ fò, ó fẹ́ ké sí gbogbo ayé bóyá wọ́n gbọ́. Ó ki ẹ̀wù rẹ̀ bọ ẹnu. Ó gbé ọwọ́ sókè, ìdè náà wà níbẹ̀, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Omijé bọ́ sórí rédíò náà, rédíò ọ̀hún kò tíì sọ̀rọ̀ di òní.

Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ ń yọ jáde níkọ̀ọ̀kan. Ìyá rẹ̀ wá, ó jókòó lẹ́nu ilẹ̀kùn, kò bàjẹ́. Tíṣà wá, ó ń nu fèrèsé, kò wẹ̀yìn. Ọmọ dákẹ́ fún odindi ọjọ́ méjì, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó wá ku ọ̀la tí ilé ìwé yóò wọlé, Màdáámù kò sì tíì gbọ́ nǹkan kan.

Nílé, Ọ̀gá Àrá bi ọmọ náà bóyá Màdáámù lè wá.

Ó ronú. "Ó lè jókòó síta, lábẹ́ fèrèsé. Àmọ́ kó má wò mí. Kó má sì ní 'sókè sí i.'"

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá ilé ìwé, obìnrin tí gbogbo òbí ń bẹ̀rù, ṣe ká ara rẹ̀ kò sábẹ́ fèrèsé kíláàsì bí ẹni tó wá jí adìẹ, ìró rẹ̀ nílẹ̀, ọwọ́ lẹ́nu. Nínú kíláàsì, bàbá àti ọmọ jókòó ti tábìlì, rédíò wà láàárín wọn. Ọmọ náà mọ ẹni tó wà níta. Ọrùn rẹ̀ ti le, ọwọ́ rẹ̀ ti di etí aṣọ mú. Ọ̀gá Àrá gbọ́ èémí rẹ̀, hẹ̀, hẹ̀, hẹ̀, kò sì sí sípíkà kankan níbẹ̀. Kò wò ó. Ó ń tú ìdè, ó ń dè é padà, ó ń tú u. Oòrùn rìn láti orí pátákó ìkọ̀wé dé orí àga. Lábẹ́ fèrèsé, orúnkún Màdáámù dún. Ọ̀gá Àrá ń gbé ìbẹ̀rù mì, àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò, imú rẹ̀ ń fẹ̀ bí ti màlúù tó ru igi gun òkè.

Ọmọ náà gbé ojú sókè, ó wò ó.

"Bàbá, ẹ rọra máa mí. Ariwo yẹn ti pọ̀ jù."

Ẹ̀rín kan bẹ́ lábẹ́ fèrèsé, ẹnì kan sì fi ọwọ́ bò ó mọ́lẹ̀ kíá, ó di ikọ́. Ọmọ náà dá ọwọ́ dúró. Ọ̀gá Àrá kò mí mọ́ rárá. Ó wo ọ̀fun kékeré náà bó ṣe lọ sókè, tó sọ̀ kalẹ̀.

"Màdáámù náà ń pariwo," ni ọmọ náà wí.